Ọdẹ́rìnlọ àti Àwọn Onílé Funfun Ìlú Agbòkunró

Ẹ tẹ́ ẹní yín dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wúkọ́ nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ọdẹ àgbà tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n jà títí ó fi ní kí n jẹ́ ká sinmi. Mo ti fi ìrù ẹkùn di ṣòkòtò mi lọ́jọ́ tí okùn rẹ̀ já, ẹkùn náà sì dúró kí n di í tán. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ. Bẹ́ẹ̀ lo rẹ́rìn-ín lọ́dún tó kọjá, n kò sì tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìnlọ, ọkùnrin tó kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ tí kò fi ní dún.

Olórí kunkun ni Ọdẹ́rìnlọ, ó sì mọ bí a ṣe ń bínú pẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, tíṣà gba ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún ọmọ ẹlòmíràn. Ó gbé síléètì rẹ̀, ó jáde, kò sì tún fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ mọ́ títí ayé rẹ̀. Tíṣà náà darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, síbẹ̀ bí wọ́n bá pàdé lọ́nà oko, igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni Ọdẹ́rìnlọ máa ń kí. "Igi, ẹ kú àárọ̀ o." Á sì kọjá lọ.

Ará òkè ni, inú igbó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Orí-Iyanrìn, ìlú kan tó wà lórí iyanrìn, tí òkun wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ń gbé. Àwẹ̀ró ń yan ẹja tà nínú ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, inú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú ni ọkọ rẹ̀ sì ti ń ṣọdẹ.

Látijọ́, ìgbì tó bá ń bọ̀ ní Orí-Iyanrìn máa ń rọ̀ kó tó dé èbúté. Á rìn wọlé bí arúgbó tó ń wá ibi tí yóò jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í dé lóòró gangan, pẹ̀lú orúnkún líle. Ó gbé ọjà lọ. Ó gbé ilé àwọn tó ń kan ọkọ̀ lọ. Nígbà tó gbé ibi tí Àwẹ̀ró ti ń yan ẹja, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀ ògiri iyàrá rẹ̀, gbogbo ìlú mọ̀ pé ilé tó kàn nìyẹn.

Ọba pe ìpàdé. Ìyá tó dàgbà jù ní ìlú dìde, ó ní, "Kábíyèsí, ohun kan wà lábẹ́ omi lọ́hùn-ún tó ń ṣẹ́ ìgbì lẹ́sẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Agbòkunró ni àwọn ìyá wa ń pè é. Ìlú ni, ògiri rẹ̀ ni ìgbì ń fi orí sọ. Bí ìgbì bá ń dé lóòró, a jẹ́ pé nǹkan ń ṣe ògiri náà. Kí ẹnìkan lọ wò ó."

Ikúmápàyí, olórí àwọn apẹja, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Ọdẹ́rìnlọ. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àbí ẹ ò rí ọdẹ wa níbẹ̀yẹn ni? Ẹ rán an! Ẹni tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ti mì díẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ló máa ń pè!"

Gbogbo àgbàlá ọba rẹ́rìn-ín. Ká ní wọn kò rẹ́rìn-ín ni, bóyá Ọdẹ́rìnlọ kì bá lọ. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀.

"Kábíyèsí, mo ti lọ."

Nígbà tó ń di ẹrù ìrìn-àjò rẹ̀, Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ mi, ṣé nítorí ilé mi lẹ fi ń lọ, àbí nítorí ẹ̀rín Ikúmápàyí?"

"Nítorí méjèèjì ni."

"Èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì?"

Ọdẹ́rìnlọ dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Ọ̀nà jìn, ó rìn ín. Ibi tí odò ti ń lọ pàdé òkun ló dé, ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Ẹrẹ̀. Igbó ni wọ́n pè é o, ṣùgbọ́n kò ní igi. Kùkùté ló kún ibẹ̀ bí eyín tó kán. Láàárín kùkùté wọ̀nyí ni òmìrán kan wà tó jẹ́ kìkì pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan, apá rẹ̀ á já bọ́ sínú odò. Bí ó bá fẹ́ mú apá náà, èjìká á tẹ̀ lé e. Odò sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú òkun, omi pupa bí epo.

"Ta ló ń fi bàtà tẹ ikùn mi?" ni Ẹlẹ́rẹ̀ bú sí i.

Ọ̀gá mi gbé ìbọn rẹ̀ lé èjìká. Ó yìnbọn. Ọta wọlé sí òmìrán náà láyà, ó dún pọ̀.

"Ó ń yún mi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Ẹlẹ́rẹ̀ wí. "Tún un yìn, sún un sí òsì díẹ̀."

Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ajàkadì, ṣé ẹ ti bá ẹni tó ń yọ́ jà rí? Bó bá dì í mú ní ìbàdí, ìbàdí á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bó bá gbé e ṣánlẹ̀, ilẹ̀ náà ni ẹni tó ṣán. Wọ́n jà títí Ọdẹ́rìnlọ fi di ẹrẹ̀, tí ènìyàn ò lè mọ ẹni tó ń lu ẹnìkejì mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń mí hẹlẹ hẹlẹ ni òmìrán náà ti bú sẹ́kún.

"Kí lo wá ń sunkún sí? Ìwọ lo ń borí."

"N kò fẹ́ lọ sí òkun," ni Ẹlẹ́rẹ̀ wí. "Ara igi ni mo máa ń fi ẹ̀yìn tì. Wọ́n gé wọn tán. Òjò tó bá rọ̀, màá yọ̀, ó di inú òkun. Ojú àwọn ènìyàn kan ni mò ń bọ́ lé lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi mí ṣépè, wọ́n ní mò ń dí àwọn nímú. Ṣé èmi ni mo rán ara mi ni?"

Ọ̀gá mi ronú. Lẹ́yìn náà ó lọ wá ọparun, ó gbìn ín sí etí odò. Ó wá igi ẹ̀gbà, èyí tó máa ń fi gbòǹgbò dúró nínú omi bí ẹni tó káṣọ sókè, ó gbìn ín sí ibi tí odò ti ń wọ òkun. Ó ṣe é títí àwọn igi náà fi mú ilẹ̀, kí ẹ má béèrè iye ìgbà tó gbà á. Ẹlẹ́rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ọparun, ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, oorun sì gbé e lọ bí ọmọ ọwọ́. Odò mọ́.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́rìnlọ ti wọ inú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń mí lábẹ́ omi, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ.

Kò tíì lọ jìnnà tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná mọ́ ọn lára. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin kan tó ga ju òpó lọ, tó ń rìn lórí òkun. Agbada iná ni ó rù sórí. Ibi tó bá gbẹ́sẹ̀ lé ń hó ṣìì, ṣìì. Ìyá Olóoru nìyẹn. Ọdẹ́rìnlọ yọ lójú omi, ó ka oríkì ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sọ ti ẹfọ̀n, ó sọ ti ẹkùn. Obìnrin náà dúró, ó gbọ́ ọ tán.

"O ṣe é dáadáa," ló wí. "Ìwọ àti ta ni ẹ wá fẹ́ jà?"

"Ìwọ ni. Kúrò lórí omi yìí."

Ìyá Olóoru rẹ́rìn-ín, èéfín jáde nímú rẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé èmi ni mò ń dáná sí agbada yìí? Àwọn tí ń jó epo, tí ń jó èédú, tí ń jó igbó ní gbogbo ayé ló ń kó igi sí i. Ó wúwo lórí èmi pàápàá. Bí o bá lè bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí Ọyẹ́ Òkun tó ń mú omi tutù bá dé, màá yà lọ́nà fún un. Ṣùgbọ́n màá padà, ìpadàbọ̀ mi sì ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Má jẹ́ kí ẹlòmíràn pa ohun tí èmi ò tíì pa."

Ó gbẹ́sẹ̀, ó lọ. Inú bí ọ̀gá mi gan-an, ó sì fi í kún àwọn tí kò ní kí mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ó mú ọ̀rọ̀ náà dání.

Ẹnu ibodè Agbòkunró ni ó ti bá akàn kan tó tóbi tó ilé. Ìpàkọ́ rẹ̀ hu irùngbọ̀n. Ó na èékánná kan dí ọ̀nà.

"Àlọ́ mi ni o kọ́kọ́ máa já. Kí ni ó jẹ́ òkúta bí a bá fọwọ́ kàn án, tó jẹ́ ẹranko bí a bá wo ẹnu rẹ̀, tó jẹ́ oko bí a bá dé inú ikùn rẹ̀?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Padà sílé."

"N kò padà."

Ó jókòó síbẹ̀. Akàn ní, "Ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbí." Ó ní òun ti jókòó. Akàn rìn lọ sọ́tùn-ún, ó rìn bọ̀ lósì, ó ní òun yóò gé e lọ́rùn. Ọdẹ́rìnlọ ní kí ó gé e, ṣùgbọ́n òkú òun náà yóò jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èrò tó fẹ́ kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ni ó ń dí ọ̀nà. Akàn ká èékánná rẹ̀ kò.

"Kọjá, kọjá, jẹ́ kí n rí afẹ́fẹ́! Ìdí rẹ ló mú ọ wọlé, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí iyùn lọ́rùn ọba, ìlẹ̀kẹ̀ lẹ rí. Ní Agbòkunró, iyùn ni ògiri ìlú. Ó yọ bí ìwo àgbọ̀nrín, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ó rọ́ bí ọpọlọ ẹranko, ó gòkè bí òkìtì ọ̀gán, ó sì lọ títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá mi pé ó pupa, pé ó pọ́n bí ọsàn, pé ó dúdú bí ẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tó rí, funfun ni. Gbogbo rẹ̀ funfun bí egungun inú ahoro. Níwájú ògiri náà, àwọn ọkùnrin gbé àáké lé èjìká. Ọba Agbòkunró jókòó sórí ìtẹ́, ààfin ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán bí ẹyin.

Olórí àwọn aláàáké ni Afọ́lé-má-wẹ̀yìn, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ àti orí rẹ̀ ṣe déédéé. Ọdẹ́rìnlọ bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe.

"Àlejò ni ọ́, o ò mọ̀," ni ó dáhùn. "Ilé ni òkúta wọ̀nyí, olúkúlùkù ló ní onílé tó ń gbé inú rẹ̀. Nílùú yìí, bí ilé bá ti funfun, onílé ti kú nìyẹn. Àṣà wa ni pé ká wó o, ká sun ún, ká lọ̀ ọ́ di ẹfun, ká fi kun ààfin. Látijọ́, bí a bá rí ilé kan tó funfun, ó tún di ọdún mìíràn. Lọ́dún yìí gbogbo wọn ló kú pọ̀. Ẹfun ń bọ̀ wá ṣẹ́kù!"

Ọ̀gá mi gbójú sókè. Ó rí ìgbì tó ń bọ̀ láti òkun ńlá, tó fi orí sọ ògiri funfun náà, tó sì rọ̀ díẹ̀, díẹ̀ péré. Bí àáké bá kan ògiri yìí, kò sí ohun tí yóò dá ìgbì dúró títí dé ẹ̀yìn ibùsùn Àwẹ̀ró.

Afọ́lé gbé àáké sókè.

"Ẹ dúró!" Ohùn Ọdẹ́rìnlọ mi omi. "Ta ló ti tọ́ ojú wọn wò?"

"Tọ́ ojú ta ni?"

"Ọdẹ ni mí. Nídìí iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀bẹ kan ẹran tó ṣubú láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi koríko tọ́ ojú rẹ̀. Bí ojú bá ṣẹ́, wàá fà sẹ́yìn. Ẹran tó dùbúlẹ̀ lè rẹ̀, ó lè dákú, ó lè máa ronú ohun tí yóò fi ọ́ ṣe. Wọ́n funfun, mo gbà. Ta ló tọ́ ojú wọn?"

Ó fa ewé òkun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ já, ó súnmọ́ ògiri, ó tẹjú mọ́ ọn bí a ṣe ń wo ipasẹ̀ ẹtu. Ìgbà náà ló rí i pé ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara òkúta, ẹnu kékeré kan sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tó yí ọwọ́ ká bí òdòdó. Ó fi ewé kan ti àkọ́kọ́. Kò mira. Afọ́lé sín ẹ̀rín nímú. Ó kan èkejì. Kò mira. Àwọn aláàáké bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Òógùn bo ọ̀gá mi lábẹ́ omi, èyí tí kò rọrùn láti ṣe. Ó kan ẹ̀kẹta.

Ẹnu náà pa dé, pí! Ó ká gbogbo ọwọ́ rẹ̀ wọlé.

"Omi ló mì ín," ni Afọ́lé wí.

"Kábíyèsí, ẹ wá fi ìka yín kàn án."

Ọba sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó na ìka. Ó fò sókè pẹ̀lú adé. "Yéè! Ó ta mí! Òkú wo ló ń ta ènìyàn?"

Láti inú ihò náà, ohùn kan jáde, ó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń tọ́ mi lójú? Ebi ń pa mí, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ọdẹ́rìnlọ gbá itan. Òkúta lọ́wọ́, ẹranko lẹ́nu! Ó tẹ etí mọ́ ihò náà. "Onílé, ó yẹ kí oko wà nínú ikùn rẹ. Níbo ni àwọn tó ń dá a wà?"

Onílé ní, "Àwọn ayálégbé wa ni. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ tí a ń jẹ, aṣọ wọn tó ń hàn lára ilé ni ẹ̀yin ń pè ní àwọ̀. Nígbà tí ooru dé, oúnjẹ wọn ń korò mọ́ wa lẹ́nu bí májèlé. A bínú, a lé wọn jáde. Ebi ló wá ń pa wá báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà lọ láti ihò dé ihò, ara gbogbo ògiri sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: ebi, ebi, ebi.

Ọba padà sórí ìtẹ́, ó ń mí sí ìka rẹ̀. "Ọdẹ, mo fún ọ láyè títí Ọyẹ́ Òkun yóò fi dé. Bí ó bá dé, tí n kò rí àwọ̀, a óò wó ògiri, a óò sì lọ egungun rẹ mọ́ ẹfun náà."

"Mo gbà," ni Ọdẹ́rìnlọ wí.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Èpò òkun ti ń gun àwọn ilé funfun náà, ó ń bò wọ́n lẹ́nu níbi tí ebi ti ń pa wọ́n. Bí ọ̀gá mi bá fa ti ibí tu, ti ọ̀hún á hù. Ó béèrè ẹni tó máa ń jẹ èpò yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹja ẹlẹ́nu-odídẹrẹ́ ni, ó máa ń fi ẹnu ha òkúta láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

"Níbo ni wọ́n wà?"

Olóúnjẹ ọba wo ilẹ̀. Afọ́lé wo òkè. Ọba fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Ẹran rẹ̀ rọ̀," ni Kábíyèsí wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá fi ata sí i..."

"Kábíyèsí!"

"Mo ti gbọ́, má pariwo mọ́ mi." Ọba sọ ọ́ di èèwọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹja ẹlẹ́nu-odídẹrẹ́ mọ́ nítòsí ògiri, ìbáà ṣe fún ìkòkò ààfin. Láti ọjọ́ náà ni Kábíyèsí ti ń jẹ ọbẹ̀ ewé òkun, tí ó ń wo Ọdẹ́rìnlọ lójú burúkú bó ti ń jẹ ẹ́. Àwọn ẹja tó sápamọ́ sì ń yọjú díẹ̀díẹ̀, ìró eyín wọn lára òkúta ń dún gírígírí láti àárọ̀.

Ọ̀gá mi wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ayálégbé. Ó bá wọn lórí iyanrìn lẹ́yìn ìlú, àwọn ènìyàn wẹ́wẹ́ tí a kò lè kà, wọ́n di aṣọ pupa, aṣọ ọsàn, aṣọ ẹ̀lú wọn ní ìdì ìdì, wọ́n jókòó lé e. Ìyá kan tó gé wéńjẹ́lẹ́ ló ń gbẹnu sọ fún wọn, Ìyá Adáná ni wọ́n ń pè é.

"Bí o bá wá bẹ̀ wá, padà," ni Ìyá Adáná wí.

"Èmi? Bẹ ènìyàn?" Ọdẹ́rìnlọ jókòó, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti kúrò nílé. "Ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."

Wọ́n sọ ọ́. Àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dáná, onílé ò dúpẹ́. Ooru mú, onílé ní wọ́n fi májèlé sí oúnjẹ. Wọ́n da ẹrù wọn síta lójú gbogbo ẹja. Bí wọ́n bá sọ ọ̀kan, ọ̀gá mi á ní, "Ẹ ò rí i! Ẹ tún sọ ìyẹn." Ibi tí wọ́n bá fẹ́ gbójú fò, òun ló ń rán wọn létí.

"Ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe wá," ni Ìyá Adáná wí. "Àwọn àgbà tó ń wá síbí, kí a dárí jì wọ́n, kí a dárí jì wọ́n ni wọ́n ń sọ."

"Ta ló ní kí ẹ dárí jì wọ́n? Ẹ má ṣe dárí jì wọ́n o! Ṣùgbọ́n ta ni iyanrìn yìí ń dùn mọ́? Ta ló ń jìyà oòrùn? Bí omi bá tutù, ẹ wọlé pẹ̀lú ìbínú yín. Ẹ má kí wọn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹ kí ògiri. Ẹ ṣáà máa dáná. Ìbínú tó wà nínú ilé tirẹ̀ ló máa ń pẹ́."

Ìyá Adáná rẹ́rìn-ín títí ìdì aṣọ rẹ̀ fi yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. "Irú ènìyàn wo ló bí ọ, bàbá yìí? Kí omi tutù ná. A ó wò ó."

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó gba ibi tí omi ò jìn, ojú ọ̀nà Ìyá Olóoru gan-an, ibi tí omi ti ń gbóná lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó rí àdúgbò kékeré kan níbẹ̀ tí kò funfun. Ilé wọn kúrú, ó ki, ó sì pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ooru ti bá wọn gbé pẹ́, wọn kò kà á sí mọ́. Ó bẹ àwọn onílé ibẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun gé ẹ̀ka.

"Rọra gé e," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Kì í ṣe irun lo ń gé."

Ẹ̀ka wọ̀nyí ni ó kó padà sí ìlú. Níbi tí onílé ti kú lóòótọ́, nítorí àwọn kan kú, n kò ní parọ́ fún yín, ó so ẹ̀ka mọ́ orí ilé wọn bí a ṣe ń gbin igi ẹ̀gẹ́ sórí ebè. Àwọn ará Agbòkunró kóra jọ, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wá wo ẹni tó ń gbin òkúta!" Afọ́lé jókòó ti ìdí ògiri, ó ń pọ́n àáké.

"Ọdẹ, egungun rẹ gùn o. Ẹfun ilẹ̀kùn ààfin á jáde nínú rẹ̀."

"Ìwọ náà ti wà lára àwọn tí n kò ní kí mọ́."

"N kò mọ̀ pé o ń kí mi tẹ́lẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dúró. Ilé kan kú ní òwúrọ̀ yìí, òmíràn kú lọ́la. Ọ̀gá mi ń lọ láti ihò dé ihò pẹ̀lú ewé rẹ̀, ó ń tọ́ wọn lójú. Bí ẹnu bá ti pa dé, á ní, "Ó ku díẹ̀, di ara rẹ mú." Bí ó bá gbójú sókè, ó ń rí ìgbì tó ń kọjá lórí rẹ̀ lọ sí Orí-Iyanrìn, á sì ka orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń ránṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, arúgbó kan tó da aṣọ bora, tí eyín rẹ̀ ń gbọ̀n, rìn kọjá láti inú omi jíjìn. Ọyẹ́ Òkun dé. Lókè, Ìyá Olóoru gbé agbada rẹ̀, ó yà lọ́nà fún un. Omi tutù wọ̀ọ̀.

Ọba jáde. Ìlú jáde. Afọ́lé gbé àáké. Gbogbo ojú wà lára ògiri.

Funfun ni.

"Ọdẹ," ni ọba wí, ohùn rẹ̀ ò sì le mọ́, "ṣé o rí nǹkan kan?"

Ọ̀gá mi ti kẹ̀yìn sí ògiri. Ó ń wo iyanrìn. Ìyá Adáná ti dìde. Ó gbé ìdì aṣọ rẹ̀ sórí, ó rìn dé ẹnu ihò ẹ̀kẹta náà, ó yí padà, ó sì fi ẹ̀yìn wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Àmì kan hàn lára ilé náà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó pọ́n ràìràì bí àádùn.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ni onílé wí láti inú.

"Ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ni Ìyá Adáná wí. "Ògiri, níbo ni ìkòkò mi wà?"

Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ya wọlé, wọ́n ń fi ẹ̀yìn wọlé bí akàn, wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń tú aṣọ. Àwọ̀ náà ń ràn. Ó gba orí ìwo àgbọ̀nrín, ó gba abẹ̀bẹ̀, ó sọ̀ lọ sí òkìtì ọ̀gán, pupa, ọsàn, ẹ̀lú, títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀. Ohùn àwọn onílé sì yí padà. Wọn ò sọ pé ebi mọ́. Wọ́n ń jẹun, ìró ẹnu wọn sì kún inú òkun bí òjò lórí ewé.

Ọ̀gá mi ju ewé rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó sì sunkún. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rẹ́rìn-ín, màá mọ̀.

Afọ́lé dúró pẹ̀lú àáké rẹ̀. "Kí ni èmi yóò wá máa ṣe báyìí?"

"Ẹ̀ka wà tí a ó gé ní àdúgbò ooru," ni ọba wí, "ilé òkú sì wà tí a ó gbìn ín sí. Ìyá Olóoru ní òun ń padà bọ̀. Kó tó dé, mo fẹ́ kí àwọn tó mọ ooru ti pọ̀ nínú wa. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wó ilé funfun mọ́ nílùú yìí láìjẹ́ pé ó tọ́ ojú rẹ̀ wò." Ó wo ìka rẹ̀. "Kí ó máa lo ewé."

Ọdẹ́rìnlọ padà sílé. N kò ní sọ ti ọ̀nà. Ọ̀sán ni ó yọ sí Orí-Iyanrìn, ó sì bá gbogbo ìlú ní etí òkun pẹ̀lú ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, ewúrẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ti ṣe tán láti sá. Àwẹ̀ró ló wà níwájú ilé rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ló dì sínú agbọ̀n kan tó rù sórí, ọrùn rẹ̀ le gbọin lábẹ́ rẹ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀, kò kí i. Ojú rẹ̀ wà lára ìgbì kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó dúró lóòró gangan.

Wọ́n ń wò ó. Nígbà tí ó dé ọ̀gangan Agbòkunró, ó kọsẹ̀. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó wólẹ̀ di ìfófòó, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì rọra rìn wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí iyanrìn, ó kan ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó padà.

Òmíràn dé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

"Ọkọ mi," ni Àwẹ̀ró wí, kò tíì yí ojú padà, "ṣé kí n gbé e sọ̀?"

"Gbé e sọ̀."

Ó na ọwọ́ sókè. Ọdẹ́rìnlọ bá a di etí agbọ̀n náà mú, wọ́n jọ rọra gbé e sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Àwẹ̀ró yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní gbogbo etí òkun, ẹ gbọ́ bí ẹrù ṣe ń kan ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé tiyín sọ̀, kí ẹ máa lọ sílé.